Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ológbò CryptoKitties fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀
Kánádà ni CryptoKitties ti jáde lọ́dún 2017: ológbò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi owó Ethereum rà, tí wọ́n sì ń sìn. Èyíkéyìí lè ṣe bàbá tàbí ìyá, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá kan náà kò lè gun ara wọn.

Àbùdá tó pamọ́ ló ń da olùbẹ̀rẹ̀ láàmú jù. Àwọ̀ ojú nìkan ní àbùdá mẹ́rin: ọ̀kan hàn, mẹ́ta fara sin. Ìdí nìyí tí ológbò méjì olójú kan náà fi lè bí ọmọ tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Kí olùrà yẹ ìran ológbò tó fẹ́ rà wò dáadáa.

Kó wo ìsinmi tí ológbò náà ń gbà kó tó lè tún bímọ! Bó ṣe ń bímọ ni ìsinmi ń gùn sí i, títí dé ọ̀sẹ̀ 1.