Bí Oníbàárà Àfinúrò Ṣe Dé Ọjà

Ní ọjà ẹja Kádò, tí kò jìnnà sí wa ní Life Camp l’Ábùjá, mo dúró wo obìnrin kan nírọ̀lẹ́. Ó fi ìka tẹ ojú ẹja, ó gbé e símú, ó dá iye tí òun á san. Ẹlẹ́ja kọ̀. Obìnrin náà yíjú, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, kò yára rárá. “Kọ́sítọ́mà mi, ẹ padà wá!” Ẹsẹ̀ kẹrin ò tíì balẹ̀ tó fi padà, ó sì gba ènì lé e.

Ìwé ìbéèrè wo ló lè rí ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn? Bí ẹ bá bi í, á ní òun kàn ra ẹja ni. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń dá oníbàárà àfinúrò sílẹ̀: wọ́n á fún un lórúkọ, iṣẹ́, ọmọ àti gbèsè, òṣèré á gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù, á sì lọ rajà.

Ohun tó jọ èyí ni Alan Cooper ṣe ní California ní 1983, nígbà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń darí iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn kan lẹ́nu wò. Kathy, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìpolówó, wà lára wọn. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà falẹ̀. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ, Cooper á jáde sí pápá gọ́ọ̀fù, á máa sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni pé òun ni ẹnì kan tó jọ Kathy, á bi ara rẹ̀, á dá ara rẹ̀ lóhùn. Ibẹ̀ ló ti ń mọ ohun tó wúlò àti èyí tó yẹ kó yọ kúrò. Ní nǹkan bí ọdún 15 lẹ́yìn náà, ó kọ ọgbọ́n yìí sínú ìwé, ayé sì gbà á.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ní 1826, níwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó kan, rí eléégún tó gbé idán òyìnbó jáde: ó ń fín aáṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń dùn. Clapperton fúnra rẹ̀ gbà pé eléégún náà sín òyìnbó jẹ dáadáa. Ojú tó ṣọ́ ìrìn ẹni ló ṣe é. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó hun oníbàárà láti inú orí ara rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń rajà fún.

Mo fẹ́ káwọn oníṣọ́ọ̀bù Life Camp gbìyànjú ẹ̀. Ẹ wá òṣèré, ẹ sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ìjọba tó sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí ní aago méje alẹ́, owó oṣù ti ń tán, ọmọ ń pè é lórí fóònù. Kó gbé agolo mílíìkì ńlá, kó dá a padà, kó mú ti sáṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa wo ọwọ́ ẹ̀.