Ọ̀nà tí Iná Mànàmáná ń Gbà

Ní ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Nígbà tí ó di ọdún 1953, iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ṣì ń tan àtùpà. Ṣùgbọ́n níbi gbogbo, kì í ṣe gbogbo agbára tí ó jáde láti inú ẹ̀rọ ni í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń lò ó.

Ẹni tí ó bá ti wa ọkọ̀ lójú odò tí òjúoró bò yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Àjẹ̀ ń wọ omi, apá ń ro ni, síbẹ̀ ọkọ̀ kò yára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná rí nínú wáyà. Ọ̀nà dáradára ni bàbà jẹ́ fún iná, ṣùgbọ́n ìdíwọ́ ń bẹ nínú rẹ̀. Agbára tí ó bá ìdíwọ́ náà jà a di ooru, a sì ṣòfò. Bí wáyà bá ti gùn tó ni òfò náà ń pọ̀ tó.

Ní ọdún 1911, Heike Kamerlingh Onnes, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands, mú kí mẹ́kúrì tutù dé ìwọ̀n 269 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lójijì, ìdíwọ́ inú rẹ̀ pòórá. Odò mọ́, kò ku òjúoró kan! Ṣùgbọ́n owó ńlá ni a fi ń pèsè irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1986, Bednorz àti Müller, ní ìtòsí Zürich, rí irú agbára yìí nínú ohun kan tí a sun nínú ààrò bí ìkòkò, tí òtútù rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti ìṣáájú. Ní ọdún 1987, a rí òmíràn ní Amẹ́ríkà tí ìwọ̀n 180 sísàlẹ̀ òdo tó fún. Nàítírójìn, tí ó pọ̀ jù lọ nínú afẹ́fẹ́, a máa tutù ju èyíinì lọ bí a bá sọ ọ́ di omi. Owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Nítorí náà ni a fi ń pe irú ohun bẹ́ẹ̀ ní ti ooru gíga, bí ó tilẹ̀ tutù ju yìnyín lọ fíìfíì.

Ní ọdún 2014, a lo irú wáyà yìí, tí ó gùn tó kìlómítà kan, lábẹ́ ilẹ̀ ìlú Essen ní Jámánì. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí èyí tí kò béèrè òtútù rárá nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Títí di ọjọ́ tí a ó rí i, ọgbọ́n tí ó wà nínú títan iná nítòsí ilé kò tíì di àlòkù: bí ọ̀nà bá ń jẹ èrè ọjà, kí a gbé ọjà sún mọ́ ilé.