Kí Ló Ń Sọ Lékeléke Di Ẹfun Nínú Kámẹ́rà?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, létí àbàtà kan tí kò jìnnà sí Ìwéré-Ilé, mo ya àwòrán ẹyẹ funfun mẹ́ta nítòsí màlúù àwọn Fúlàní. Nígbà tí mo délé wo àwòrán náà, àmì ẹfun mẹ́ta lára ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú ni mo rí. Kò sí ìyẹ́, kò sí ojú, àgógó wọn pàápàá ti rẹ́ mọ́ wọn lára. Ó dùn mí, nítorí gbogbo wa la mọ lékeléke láti kékeré tí a ti ń na èékánná sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹyẹ funfun etí omi ni lékeléke, àwòrán náà kò sì jẹ́ kí n dá wọn mọ̀.

Ẹ̀yìn awò kámẹ́rà ni sẹ́ńsọ̀ wà. Ó pẹlẹbẹ, ó sì kún fún ọ̀pọ̀ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ojú wẹ́wẹ́ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ bí ìkòkò ṣe ń gba omi òjò. Ìkòkò tó bá ti kún, dídànù ni omi yòókù ń dànù. Bí gbogbo èyí tó gba ìmọ́lẹ̀ ara ẹyẹ bá kún dé ẹnu, ìyẹ́ kan kò yàtọ̀ sí èkejì mọ́.

Kí ló mú kó kún jù? Ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà tèmi kò mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí ẹrẹ̀. Ó kàn ń po gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀ ni, ó sì gbà pé àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́, ohun tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹrẹ̀ dúdú ló gba àyè jù nínú àwòrán mi. Kámẹ́rà rí òkùnkùn, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé púpọ̀ kí ẹrẹ̀ lè mọ́, funfun ẹyẹ sì bá a lọ.

Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ + àti - sí. Bí ẹ bá yí i sí -1, ìmọ́lẹ̀ á dín sí ìdajì. Ilẹ̀ á ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ má dà á láàmú. Ẹyẹ la wá wò.

Ó sì yẹ kí a dá ẹyẹ mọ̀ dáadáa. Àwọn tó ń ṣe Nigerian Bird Atlas Project pín Nàìjíríà sí ìpín kéékèèké, nǹkan bíi kìlómítà 9 ní gígùn àti 9 ní ìbú, tí àwọn olùfẹ́ ẹyẹ ń kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n bá rí níbẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá ń pe gbogbo ẹyẹ funfun ní lékeléke, irọ́ la ń pa mọ́ ilẹ̀ wa.

Mo padà lọ sí àbàtà náà kí oòrùn tó mú, nítorí tí ilẹ̀ bá ti gbóná, ooru tó ń gbọ̀n lójú ọ̀nà á ba àwòrán ọ̀nà jíjìn jẹ́. Mo yí bọ́tìnnì + àti - náà sí -1, mo sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún ìdá kan péré nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Méjì nínú àwọn ẹyẹ náà ní àgógó pupa rúsúrúsú, ọrùn wọn kúrú, wọ́n ń ṣa tata lẹ́sẹ̀ màlúù: lékeléke nìyẹn. Ẹ̀kẹta dá dúró nínú omi. Àgógó rẹ̀ dúdú, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà dúdú. Egretta garzetta ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó gbọn ẹsẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀ kí ẹja lè sá jáde, ó gbé e sókè, mo ya àwòrán rẹ̀: ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, omi sì ń kán lára wọn.