Fíìmù kámẹ́rà aláwọ̀: ṣé kí ẹ fọ̀ ọ́ nílé ni, àbí kí ẹ gbé e lọ sí láàbù?

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sóde àríyá kí kámẹ́rà tó wọ inú fóònù, ẹ ó rántí àwọn oníyàwòrán tó máa ń ya fọ́tò àwọn àlejò, tí wọ́n á sáré gba láàbù lọ, tí wọ́n á sì ti gbé fọ́tò dé kí òde tó tú. Fóònù ti gba iṣẹ́ yẹn mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́, láàbù tó sì ti kógbá sílé kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, rọ́ọ̀lù fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀ ṣì wà nínú àpótí láwọn ilé kan, àwọn ọ̀dọ́ kan náà sì tún ti ń gbé kámẹ́rà onífíìmù kiri. Ibo ni kí wọ́n ti fọ̀ ọ́?

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí fíìmù nínú oògùn?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ nẹ́gátíìfù aláwọ̀ ni wọ́n ń pè ní C-41. Ilé iṣẹ́ Kodak ló gbé e jáde lọ́dún 1972, òun náà sì ni fíìmù Fujifilm ń lò. Oògùn àkọ́kọ́ ló ń mú kí àwòrán àti àwọ̀ hàn. Blíìṣì àti fíkísà tó tẹ̀lé e ló ń kó fàdákà inú fíìmù kúrò, tó fi jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló máa kù.

Oògùn àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni wàhálà wà. Ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré ni fíìmù ń lò nínú rẹ̀, ìgbóná rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 37.8°C. Ìpele mẹ́ta ló ń gba àwọ̀ sínú fíìmù. Bí oògùn bá tutù jù tàbí tó gbóná jù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní rìn dọ́gba mọ́. Ojú èèyàn lè wá pọ́n, ó sì lè ní àwọ̀ ewé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ máa nílò táǹkì tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀, àpò dúdú tẹ́ ẹ ó ti kó fíìmù sínú táǹkì, tẹmọ́mítà tó péye, ìbọ̀wọ́ àti oògùn C-41. Ẹ gbé ìgò oògùn sínú bàsíà omi gbígbóná, kẹ́ ẹ má sì gbójú kúrò lára tẹmọ́mítà. Gílóòbù pupa tí wọ́n ń tàn tí wọ́n bá ń tẹ fọ́tò dúdú àti funfun ò wúlò níbí o, nítorí fíìmù aláwọ̀ ń rí pupa. Òkùnkùn biribiri ni títí ẹ ó fi dé táǹkì pa.

Oògùn líta kan sábà máa ń fọ tó rọ́ọ̀lù mẹ́jọ. Ẹni tó ní rọ́ọ̀lù púpọ̀ ló máa jèrè. Ẹni tó ní ẹyọ kan á pàdánù, torí tẹ́ ẹ bá ti po oògùn, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu, ẹ má sì dà á sẹ́bàá kànga.

Láàbù wá ńkọ́?

Ẹ̀rọ ló ń ṣọ́ ìgbóná àti àkókò níbẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: oògùn inú ẹ̀rọ yẹn fẹ́ kí fíìmù máa wọlé déédéé, kí wọ́n lè máa fi tuntun kún un. Tó bá ń jókòó lásán, á bàjẹ́. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n léèrè: rọ́ọ̀lù mélòó lẹ̀ ń fọ̀ lọ́sẹ̀? Tí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí fíìmù wà nínú oògùn, kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa dá nẹ́gátíìfù wa padà? Láàbù tí kò rí èsì fọ̀ sí ìbéèrè wọ̀nyí kò sàn ju bàsíà ilé lọ.

Èwo ni kí ẹ wá ṣe?

Rọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ lè tún yà lọ́la, ẹ fi kọ́ṣẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí tí bàbá tó ti lọ fi sílẹ̀ ni, tàbí ti ìgbéyàwó, ẹ wá láàbù tí iṣẹ́ ń wọlé sí, kódà bó bá jìnnà. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n kọ C-41 síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ má fi falẹ̀, torí ooru ń ba àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fọ fíìmù. Bí ẹyin ló rí: bó bá ti fọ́, kò ṣeé kó jọ mọ́.