Wolé-wolé ní Ìlú Tamale

Àgbàlagbà Yorùbá kan kò sí tí kò mọ wolé-wolé: ẹni tí í yọ sí ẹ̀yìnkùlé láìròtẹ́lẹ̀, tí í ṣí ìkòkò omi wò, tí í sì yọjú wo ṣáláńgá. Ní ilẹ̀ Ghana, sámánsámán ni orúkọ tí àwọn ará ìlú fi ń pè é, nítorí ìwé sámáńsì tí í fi lé ènìyàn lọ́wọ́. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Tamale kí àṣẹ ìjọba Busia tó lé wọn ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 mọ̀ ọ́n dáadáa.

Agbára rẹ̀ ti pẹ́. Tamale di olú-ìlú ìhà Àríwá ní 1907. Ní 1911, ìjọba Gold Coast ṣe òfin lórí ẹ̀fọn, kí onílé má baà jẹ́ kí tanwíjí máa gbé inú omi rẹ̀. Lónìí, òfin ìlera ti ọdún 2012 ni òṣìṣẹ́ náà gbé dání. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 2016 sì kà á léèwọ̀ láti kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Láti odò Volta Funfun ni omi Tamale ti ń wá, Dalun ni wọ́n sì ti ń sẹ̀ ẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ omi kì í yọ lójoojúmọ́; dandan ni kí ìyàwó ilé pọn omi sínú àgbá àti ìkòkò. Ohun tí òfin ń fura sí gan-an ni ìdílé fi ń gbé ẹ̀mí ró. Òṣìṣẹ́ tí ó bá da irú omi bẹ́ẹ̀ nù kò ṣe é re. Kí ó ní kí wọ́n fi ọmọrí tàbí aṣọ bò ó ni ó tọ́.

Ti ṣáláńgá tún yàtọ̀. Ayálégbé ni wolé-wolé ń bá nílé, onílé lè wà ní Kumasi. Owó ìtanràn tí ayálégbé bá san kò lè gbẹ́ ṣáláńgá fún ẹnikẹ́ni. Onílé ni ó yẹ kí ìwé ìkìlọ̀ máa tọ̀ lọ.

Ní ti ilé kíkọ́, ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 2012 ni ilé ìtajà alájà púpọ̀ kan wó ní Achimota, ní Accra, tí ènìyàn 14 sì kú. Àwọn aláṣẹ ìlú náà sọ lẹ́yìn náà pé ilé ọ̀hún kò ní ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, wọ́n ti ń tajà nínú rẹ̀ ní gbangba.