Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìdí tí Issakaba ṣì fi ń dùn ún wò

Lancelot Oduwa Imasuen, ọmọ ìlú Bìní, ló darí fíìmù Issakaba ní nǹkan bí ọdún 2000. Sam Dede ni olórí àwọn tó ń dọdẹ ọ̀daràn níbẹ̀. Bí wọ́n bá na àdá sí ẹni ibi, àdá á pọ́n. A mọ̀ pé ọgbọ́n kámẹ́rà ni, síbẹ̀ ojora ń mú wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù Godzilla ti Jàpáànù, ọdún 1954. Haruo Nakajima wọ aṣọ ẹranko ńlá tó wúwo, ó ń tẹ àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n fọwọ́ kọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ kì í bèèrè bí ìjàpá ṣe mọ̀rọ̀ sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù: iṣẹ́ ọwọ́ tó hàn kì í ṣe àbùkù. Òun gan-an ni adùn rẹ̀.

Fíìmù wo ló dẹ́rù bà yín jù nígbà èwe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.