Aago Tó Ń Ṣe Adájọ́ Òòfà Ilẹ̀

Ká ní a gbé aago méjì tó péye bákan náà wá sí Dùgbẹ̀, nítòsí Òkè Bọ́lá ní Ìbàdàn níbí. A gbé ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ Ilé Kòkó, a gbé èkejì sórí òrùlé rẹ̀, ní nǹkan bí mítà 105 sókè. Lẹ́yìn wákàtí 24, aago òkè á ti sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ká pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, nǹkan bí ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Òòfà ilẹ̀ ló fà á: bí nǹkan bá ṣe sún mọ́ ilẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àkókò ṣe ń falẹ̀ fún un.

Albert Einstein ló ṣírò èyí ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kí aago tó lè rí i tó dé. Iye pàtó ló sọ, ohun tí mo sì ṣe kan sáárá sí i nìyẹn. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní àbá tiwọn nípa òòfà, nítorí pé ìmọ̀ Einstein kò tíì bá ìmọ̀ inú átọ̀mù rẹ́. Nínú àwọn kan nínú àbá wọ̀nyí, iye náà á yàtọ̀ díẹ̀, tàbí kí oríṣi aago kan sáré ju òmíràn lọ lójú kan náà.

Ní 1976, rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé aago háídrójìn lọ sókè tó kìlómítà 10,000. Iye Einstein dúró. Ní oṣù Kẹjọ 2014, rọ́kẹ́ẹ̀tì Soyuz ṣi sátẹ́láìtì Galileo méjì ti Yúróòpù gbé, ó jù wọ́n sí ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń gòkè, tí wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀, ní nǹkan bí kìlómítà 8,500. Àdánù gidi ni, àmọ́ ìdánwò òòfà jèrè rẹ̀: bí wọ́n bá gòkè, aago inú wọn á sáré, bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, á falẹ̀. Àwọn onímọ̀ Faransé àti Jámánì ṣọ́ àwọn aago náà fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Àbájáde wọn ní 2018 péye ju ti 1976 lọ ní ìlọ́po márùn-ún, Einstein náà ló ṣì jàre.

Fóònù awakọ̀ tó ń wá àdúgbò kan ní Òkè Bọ́lá kò yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lójoojúmọ́, aago inú sátẹ́láìtì GPS tó ń tọ́ fóònù náà sọ́nà ń fi ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan sáré ju ti ilẹ̀ lọ. Bí wọn kò bá ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn, máàpù á fi ohun tó ju kìlómítà 10 lọ ṣìnà láàárín ọjọ́ kan. Títí di òní, kò tíì sí aago kan tó gbè sẹ́yìn àwọn tó ń bá Einstein jiyàn.